Ìlà Kẹtàdínlógún

Aago títúnṣe ni mo fi jẹun títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí iṣẹ́ ti mọ́ lára kì í gbọ́ pé a ní kó sinmi. Nígbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ tó wà lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin kógbá sílé, mo ra kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan lọ́wọ́ àwọn tó ń palẹ̀ ibẹ̀ mọ́. Ó ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ní ojú bíi tẹlifíṣọ̀n. Téèpù bébà tí wọ́n dá ihò sí lára ló ń kà, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló sì fi ń fèsì.

Ìyàwó mi yí i ká lẹ́ẹ̀mejì. "Dádì, pósí irin ta lẹ rà wálé?"

Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Mo pààrọ̀ àwọn kàpásítọ̀ tó ń gba iná pamọ́ sínú rẹ̀, tí wọ́n ti wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn, mo fi sípírítì nu gbogbo pátákó tí wọ́n to wáyà sí nínú rẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan, iná wọlé, fáànù ké, mo fi téèpù kan tó bá a wá sí i lẹ́nu. Ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ ariwo.

X ló tẹ̀. X àti àlàfo, ìlà lórí ìlà. Kò sí ọ̀rọ̀, kò sí nọ́ńbà. Mo ní orí rẹ̀ ti dàrú. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò. X náà ni. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, mi ò mọ̀ mọ́ bóyá èmi ni mò ń tú ẹ̀rọ, àbí ẹ̀rọ ló ń tú mi.

Àfìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí wa. Nígbà èwe wọn, wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ aṣọ yẹn kan náà, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ lójijì. A ò gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n mú bébà náà, wọ́n nà án jìnnà sójú, wọ́n jókòó.

"Ta ló sọ fún ẹ pé ó bàjẹ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, X lásán mà ni."

"Bátànì aṣọ tí ẹ̀rọ ìhunṣọ ń tẹ̀ lé nìyí. Níbi tí X bá wà, òwú dúdú ló máa hàn. Ibi tó bá ṣófo, òwú funfun. Èmi ni mo lu ihò téèpù tó tẹ èyí jáde. Wo ìdí rẹ̀, wàá rí àmì mi."

Mo wò ó. Ẹyẹ kékeré kan wà níbẹ̀, pẹ́ńsùlù rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́.

Ìka wọn ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bébà, wọ́n ń kà. Ní ìlà kẹtàdínlógún, wọ́n dúró. "Ó pé."

"Kí ló pé?"

"Máníjà ní mo fo ihò kan níbí. Ogójì ìdì aṣọ ló jáde bí ohun tí eku jẹ. Ó pè mí ní afọ́jú lójú gbogbo èèyàn. Ọjọ́ yẹn ni mo gbé báàgì mi."

"A jẹ́ pé ẹ ò jẹ̀bi!" Pẹ̀lú ìdùnnú, mo tún téèpù náà fi sí i. Ìlà kẹtàdínlógún jáde, X kan ti dín nínú rẹ̀.

Mo tún un tẹ̀: ó pé. Mo tún un tẹ̀: kò pé. Mo wá mú ẹ̀rọ tí ìyàwó mi fi ń gbẹ irun, mo ń fẹ́ ooru sí àwọn pátákó níkọ̀ọ̀kan. Pátákó kẹta ló ní àbùkù: bó bá ti gbóná, á gbàgbé nǹkan.

"Ẹ̀rọ ló jẹ̀bi," ni mo wí.

"Ṣé bó ṣe ń ṣe látijọ́ nìyẹn, àbí ogbó ló kó ìgbàgbé bá a bó ṣe kó o bá èmi náà?" Wọ́n fọwọ́ pa ojú. "Máníjà tún ní kí n lu téèpù mìíràn kí n tó lọ. Mi ò rántí bóyá mo lù ú. Bí mo bá lù ú, èwo wá lèyí, àkọ́kọ́ tàbí àtúnṣe?"

Mo gbé téèpù náà síwájú fèrèsé, mo ka ihò rẹ̀ títí ojú fi ń ṣe mí bàìbàì. Ihò ìlà kẹtàdínlógún pé, ṣùgbọ́n ihò kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n lù ú.

Mo mú sódà, irin gbígbóná tí a fi ń jó wáyà pọ̀, kí n fi tún pátákó kẹta ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Fi àbùkù rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Ẹlẹ́rìí ni."

Ẹlẹ́rìí ta ni, tiwọn àbí ti máníjà? Mo pa iná ẹ̀rọ, a lọ jẹun.