Sípánà Tó Wà Lọ́wọ́ Ère

Ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣa pàǹtí. Ẹ má dán an wò kí ẹ sọ létí rẹ̀ pé pàǹtí ló ń ṣà. "Kíkó ohun ọnà jọ" ló ń pè é. Ọdún kan gbáko ló fi ń wọ ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí wọ́n ti tì pa, tó ń kó irin tó ti dípẹtà wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, títí gbogbo wa fi ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn.

Nígbà tó yá, ó fi bóòtì àti nọ́ọ̀tì de gbogbo rẹ̀ pọ̀ di ọkùnrin gíga kan, ó sọ ọ́ ní Òṣìṣẹ́ Ayérayé. Wọ́n gbà á síbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, ó sì mú èmi àti Bàbá lọ wò ó.

Bàbá, tó fi ọdún mẹ́tàlélógún tún ẹ̀rọ ṣe nílé iṣẹ́ yẹn, yí ère náà po lẹ́ẹ̀mejì. Ó dúró níwájú irin tó jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ère náà.

"Sípánà mi nìyí."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe sípánà mọ́. Ìrètí ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

"Ìrètí wo ló ní ìlà mẹ́ta tí mo fi ayùn fà sí i lọ́rùn?"

Gbogbo ilé wa ló mọ ìtàn sípánà yìí. Nígbà tó sọnù ni Bàbá pe Afọnfèrè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó máa ń fọn fèrè ìparí iṣẹ́, ní olè lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ó pé ọdún mọ́kànlá báyìí. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Bí ọ̀kan bá ń bọ̀, èkejì á ṣàdédé rántí pé òun gbàgbé nǹkan sílé.

"Níbo lo ti rí i?" ni Bàbá bi ẹ̀gbọ́n mi.

"Abẹ́ ẹ̀rọ kẹrin."

Bàbá ló ń bójú tó ẹ̀rọ kẹrin nígbà náà. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Bàbá wa kì í sì í ṣàṣìṣe. Bó bá ṣubú lórí àga, àga ló jẹ̀bi.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtì tó de sípánà náà mọ́ ère.

"Bàbá! Àwọn adájọ́ ìpàtẹ ń bọ̀!"

"Kí wọ́n máa bọ̀. Ọ̀dọ̀ adájọ́ tèmi ni mò ń lọ."

Òṣìṣẹ́ Ayérayé ku ọwọ́ kan. Ká sòótọ́, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá jọ òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ náà, níbi tí ẹ̀rọ ti máa ń gé wọn lọ́wọ́.

Mo tẹ̀ lé Bàbá dé ẹnu ọ̀nà Afọnfèrè. Afọnfèrè ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ó wo sípánà, ó wo Bàbá.

"Abẹ́ ẹ̀rọ mi ló wà," ni Bàbá wí.

"O ò wo abẹ́ rẹ̀ nígbà náà?"

"Mi ò wò ó. Mo ṣẹ̀ ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

N kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu Bàbá rí.

Afọnfèrè ṣílẹ̀kùn gbagada. "Wọlé. Àmọ́ di irin ẹ mú dáadáa o. Bó bá tún sọnù, kọ́kọ́ yẹ abẹ́ ara ẹ wò ná."