Eegun Tó Rọ̀ Bí Ọṣẹ

Obìnrin alágbàfọ̀ kan fi ọ̀bẹ lé itan àgbọ̀nrín, ọ̀bẹ sì gba inú eegun kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Àfi bí ìgbà téèyàn ń gé ọṣẹ ìfọṣọ. Ó dúró. Ó gé ibòmíràn. Bákan náà ni.

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Mègàdí ni, òun ló ń ṣọ́ ilé-iṣẹ́ bátìrì tí wọ́n ti tì pa, tí omi dúdú inú rẹ̀ ti ṣàn wọ igbó ẹ̀yìn ọgbà, tí wọ́n fi ní kí ẹnikẹ́ni má pọnmi níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá wa, níbo lẹ ti rí ẹran yìí?"

"Inú ọgbà náà ni. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́ bí ilé tí wọ́n kó kúrò. Mo rìn lọ bá a, kò sá. Ó kàn ń wò mí, bí ẹni tó ti ń retí mi. Igi lásán ni mo fi pa á."

"Ẹ̀rù ò bà yín?"

"Ẹ̀rù ẹran? Ìwọ tí òjìji ara ẹ ń lé kiri! Wo ọ̀rá. Ṣé aláìsàn ló ń sanra báyìí? Bí májèlé bá tiẹ̀ wà níbẹ̀, iná á jó o dànù. Sè é fún ọmọ ẹ, kó rókun bímọ."

Ọmọ wọn obìnrin wà ní yàrá kejì, oyún rẹ̀ ti wọ oṣù keje. Ó ké sí wọn: "Màámi, ẹ fi ẹ̀dọ̀ sílẹ̀ fún mi o! Ẹ má jẹ́ kí Bàbá dá a jẹ!"

Ìyá mú eegun kékeré kan, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ wọnú. Ọkàn rẹ̀ lọ sí eegun ọmọ tó ń le bọ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ikùn lọ́hùn-ún.

Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ọpọ́n, ẹ̀dọ̀, ọ̀rá, awọ, títí kan ọ̀bẹ.

"Kí lò ń ṣe? Odidi ẹran!"

"Ẹ bínú tó bá wù yín. Ọmọ mi ò ní jẹ ẹ́." Ó gbé ọpọ́n jáde.

Ó dé ìdí ààtàn. Ajá ará ilé kejì ti ń bọ̀, ó ń jùrù. Ó kúrò níbẹ̀. Ó dé ẹ̀bá gọ́tà; inú gọ́tà yẹn làwọn èèyàn ti ń bu omi rin ẹ̀fọ́. Ó ní kóun gbẹ́ ilẹ̀ sin ín, ó rántí kànga tí wọ́n ń mu.

Ọmọ rẹ̀ yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ ti ẹ̀gbẹ́. "Màámi, ó ti wúwo jù fún yín. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀."

Ìyá wo ilẹ̀ yí ká, ó tún wo ọmọ rẹ̀.

"Níbo?"