Péjú Ní Kò Burú

Ohùn Màámi ń sáré nínú etí Adépéjú bí adìẹ tí wọ́n ń lé, ọwọ́ ẹ̀ sì wà lórí èsì ìdánwò tó gbọ́dọ̀ tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kí aago méjì tó lù. Lórí Wásáàpù, ibì kan wà téèyàn ń tẹ̀ tí ọ̀rọ̀ ẹlòmíì á fi máa sáré ní ìlọ́po méjì. Péjú ti tẹ ibẹ̀ láti ọdún tó kọjá, kò sì yí i padà mọ́. Ẹ má tíì dá a lẹ́bi. Gúrúùpù mẹ́rìnlá ló wà lórí fóònù ẹ̀: ti ọ́fíìsì, ti ṣọ́ọ̀ṣì, ti ilé ìwé ọmọ, kí la fẹ́ kà kí la fẹ́ fi sílẹ̀? Tó bá gbé e sílẹ̀, àyà ẹ̀ á máa já. Tó bá gbé e, inú á máa bí i. Obìnrin náà ti há sínú fóònù.

Màámi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń dá gbé ní Òkè-Sopẹ́n. Àràárọ̀ ló ń fi ohùn ránṣẹ́ sí ọmọ ẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè. Péjú á fi etí kan gbọ́ ọ, á sì fi àwòrán àtàǹpàkò kan dá a lóhùn, ó parí.

Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi àtàǹpàkò tòní ránṣẹ́ tán ni Alhaja Nimotalahi, tí ilé ẹ̀ fara ti ti Màámi, pè é.

“Adépéjú, màmá ẹ ni o. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí mo ń bẹ̀ wọ́n ká jọ lọ ọsibítù. Wọn ò gbà.”

“Ọsibítù kẹ̀? Kí ló ṣe wọ́n?”

“Wọ́n ní Péjú ní kò burú.”

Nínú takisí tó ń lọ Òkè-Sopẹ́n, èèyàn mẹ́rin ni wọ́n kó sẹ́yìn, Péjú wà láàárín. Ó ki íàpíìsì bọ etí, ó sì jẹ́ kí ohùn àárọ̀ náà máa lọ bó ṣe yẹ kó máa lọ. Ohùn náà falẹ̀. Ó rò pé òun ti ṣi nǹkan tẹ̀. Ó gbọ́ ti ọ̀gá ẹ̀ wò: ọ̀gá ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́ lójoojúmọ́. Ó padà sí ti Màámi. Ọ̀rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ra wọn, ‘Àṣàbí’ tó máa ń fi pè é ti di ‘Àhàbí’.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sẹ́yìn láti ọjọ́ dé ọjọ́. Ó di oṣù tó kọjá kó tó kan ohùn ìyá ẹ̀ gan-an, ohùn tíṣà tí kì í gbé ọ̀rọ̀ mì. Lọ́jọ́ kejì ìyẹn, Màámi ní:

“Àṣàbí, ọwọ́ òsì mi ń kú láti àná. Mo fẹ́ di aṣọ mọ́dìí, kò dì. Ṣé kí n lọ ọsibítù ni, àbí ó ṣì dáa bẹ́ẹ̀?”

Àtàǹpàkò Péjú wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó rántí ọjọ́ náà. Ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan ló gbọ́ nínú ẹ̀.

Ó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ kó máa sáré lọ, ṣùgbọ́n èjìká ọ̀tún àti tòsì há a mọ́bẹ̀, dẹ́rẹ́bà sì rọra ń yẹ kòtò sílẹ̀. Kò síbi tó fẹ́ tẹ̀ tí mọ́tò á fi sáré. Ó pe Alhaja pé kí wọ́n ti gbé Màámi sínú mọ́tò wọn de òun.

Nígbà tó dé, Àkànjí, ọkọ Alhaja, ti tan mọ́tò. Péjú wọ ẹ̀yìn mọ́tò, ó jókòó ti ìyá ẹ̀. Ẹnu Màámi ti wọ́ sápá kan.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

“O... ní... ó dáa,” Màámi ní. Kò bínú. Bí ẹni ń ròyìn fún èèyàn ló ṣe sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun Péjú jù.

Fóònù ń dún nínú báàgì. Ọwọ́ ẹ̀ ti lọ síbẹ̀ kó tó mọ̀, ó fà á padà, ó fi di ọwọ́ òsì ìyá ẹ̀ mú. Ọwọ́ náà wúwo.

“Ṣé ó ń dùn yín?”

Màámi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó na àtàǹpàkò sí i.

Péjú wò ó títí. Ó lè jẹ́ pé kò dùn ún. Ó lè jẹ́ pé ó ń dùn ún, ọ̀rọ̀ ló kàn sú u.

“Ẹ má ṣe ìyẹn fún mi mọ́, Màámi. Ẹnu ni kẹ́ ẹ fi sọ ọ́. Bó ti wù kó pẹ́ tó.”

Màámi la ẹnu. “À...” Ó mí kanlẹ̀. “À...”

Péjú mọ ohun tó fẹ́ pè, ó lè bá a parí ẹ̀. Ó pa ẹnu mọ́, ó ń wo ètè ìyá ẹ̀, mọ́tò sì ń lọ.