Ẹnubodè Stourcombe Nínú Ìwé Gervase

Láti ìgbà tí Sà Gervase Holcroft ti ti ilẹ̀ Faransé padà délé, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ni Edmund Larkham ń lọ jẹun lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n láti kékeré; Ned ni Gervase máa ń pe Edmund. Gervase ti ṣe olùdámọ̀ràn ọba rí, kí àwọn ọ̀tá inú ààfin tó lé e kúrò nílùú. Ìtàn ogun tí ọba àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin bára wọn jà ló ń kọ báyìí, ìwé tí wọn ò ní tẹ̀ jáde àfi tó bá kú tán. Edmund ní tirẹ̀, òun ni ọ̀gá àwọn tó ń ṣọ́ ẹnubodè ìlú Stourcombe fún ọba nígbà ogun náà. Òun náà ló sì ṣí i fún ọ̀tá.

Ẹ wá wo àwọn àgbàlagbà wọ̀nyí o. Wọ́n á jẹ ẹran àgùntàn, wọ́n á mu bíà, wọ́n á sọ̀rọ̀ òjò títí ẹnu á fi ro wọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnubodè yẹn, wọn ò jẹ́ dá a sílẹ̀. Wọ́n ní ìwà ọmọlúàbí nìyẹn. Ọmọlúàbí wo? Ẹ̀rù ń ba Edmund. Tó bá ti rí tàdáwà ní ìka ọ̀rẹ́ rẹ̀, àyà rẹ̀ á já. Á ní ó ti ń pe òun ní ọ̀dàlẹ̀ nínú ìwé yẹn, àwọn ọmọ-ọmọ òun á sì kà á.

Lọ́jọ́ kan, sùúrù rẹ̀ tán.

“Gervase, ká fi òjò sílẹ̀ lónìí. Kí lo kọ nípa mi?”

Lettice, ìyàwó Gervase, tó ń gé ẹran, dáwọ́ dúró. “Ọpẹ́ o,” ló wí. “Mo ti rò pé ẹ máa gbé e wọ sàréè ni.”

Gervase rẹ́rìn-ín. “Fọkàn balẹ̀, Ned. Mo ní ìlú bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá, mo sì kọjá. Orúkọ rẹ ò sí níbẹ̀ rárá. Ṣé mo lè ṣe bẹ́ẹ̀ dójú tì ẹ́ ni?”

Ara tu Edmund, bí ìgbà téèyàn bọ́ bàtà tó há a lẹ́sẹ̀. Ó tiẹ̀ mu bíà rẹ̀ tán. Àfi bí inú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í bí i.

“Ìlú ò dédé bọ́ o,” ló wí. “Èmi ni mo ṣí i.”

“Mo kúkú mọ̀.”

“Kí lo mọ̀? Ọ̀dọ̀ ọba lo wà, ò ń rí búrẹ́dì jẹ. Àwa tí ọ̀tá sé mọ́ inú ìlú ti jẹ ẹṣin tán, a ti bọ́ sórí ajá. Kọ ọ́. Kọ pé Edmund Larkham ló ṣílẹ̀kùn.”

“Wọ́n á pè ẹ́ ní ọ̀dàlẹ̀, Ned.”

“Kí wọ́n máa pè mí. Kí wọ́n ṣáà mọ ìdí ẹ̀.”

Gervase fi ọ̀pá ti ara rẹ̀ dìde, ó lọ gbé ìwé rẹ̀ wá. Lettice kó àwo kúrò lórí tábìlì.

“Ó dáa,” ni Gervase wí. “Mò ń gbọ́.”

Edmund sún àga rẹ̀ mọ́ tábìlì.

“Obìnrin aránṣọ kan wà,” ló wí. “Joan Tibbet. Ó gbé ọmọ rẹ̀ wá bá mi lẹ́nubodè, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n bá òun wá wàrà díẹ̀. Mo wo ọmọ náà. Ó ti kú, ìyá ẹ̀ ò sì tíì mọ̀. Ìdí tí mo fi ṣílẹ̀kùn nìyẹn.”

Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún.

“Philip lorúkọ ọmọ náà. Kọ tiẹ̀ ṣáájú tèmi.”

Gervase ki gègé bọ tàdáwà, ó sì kọ ọ́. Edmund jókòó tì í títí tó fi kọ ọ́ tán, ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.