Àkọ̀ Tí Télọ̀ Rán

Iṣẹ́ gígé igi ni obìnrin náà ń ṣe. Àwọn ẹ̀ka tó bá ti ń fara kan wáyà iná lẹ́bàá títì ni òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń gé, òun ló sì mọ igi í gùn jù láàárín wọn. Ìyá Aláàáké ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí àáké kékeré kan tí kì í fi sílẹ̀. Alágbẹ̀dẹ ló rọ ọ́ fún un. Orí àáké náà fẹ̀ ju ti àwọn tí wọ́n ń tà ní ìsọ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú débi pé ó lè fá irun. Ẹ̀yìn ìgbànú ló máa ń fi í há sí bó bá ń gun igi.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, àáké yọ bọ́ lára rẹ̀ lórí igi, ó lọ gún ìjókòó alùpùpù ọ̀gá wọn nísàlẹ̀. Ó wọlé síbẹ̀ ṣinṣin, bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi í pamọ́ sí tẹ́lẹ̀. Ọ̀gá wo ìjókòó náà, ó wo òkè.

"Ìyá Aláàáké, ká ní mo jókòó sórí ẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, ọ̀gá."

"Mi ò bínú. Ṣùgbọ́n láti ọ̀la lọ, ẹni tí àáké ẹ̀ ò bá ní àkọ̀ ò gbọdọ̀ gun igi mi."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó kiri gbogbo ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta irinṣẹ́, kò rí àkọ̀ kankan tó gba orí àáké rẹ̀. Ó wá pinnu pé òun máa gbé e lọ bá a-ṣe-bàtà tó wà ní òdìkejì títì. Àṣìṣe tó ṣe ni pé ó sọ ọ́ létí ọkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń jẹun.

Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, iwájú ilé wọn ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà. Ọkùnrin náà dá ọwọ́ oúnjẹ dúró.

"Ta ni télọ̀ nínú ilé yìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ṣùgbọ́n awọ ni, kì í ṣe aṣọ."

"Ohun tí wọ́n bá ti ń gé, tí wọ́n sì ń rán, iṣẹ́ mi ni. Kí ìyàwó mi wá gbé iṣẹ́ kọjá níwájú mi lọ fún a-ṣe-bàtà? Kí ni kí n wá sọ fáwọn oníbàárà mi?"

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń gbé pẹ̀lú wọn, kò gbójú kúrò nínú àwo rẹ̀. "Ìyàwó, jẹ́ kó rán an," ni màmá wí. "Bá ò bá jẹ́ kó rán an, a ò ní sùn."

Àkọ̀ àkọ́kọ́ rẹwà, ẹnìkan ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ara awọ ìjókòó àga àtijọ́ kan ni télọ̀ ti gé e. Ó fi aṣọ pupa tẹ́ inú rẹ̀, ó rán etí rẹ̀ yípo, ó sì lẹ àpò tín-ín-rín kan mọ́ ọn lára.

"Kí ni àpò yìí wà fún?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í.

"Pẹ́ńsù."

"Kí ni mo fẹ́ fi pẹ́ńsù kọ lórí igi?"

"Èèyàn kì í mọ̀."

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé e lọ síbi iṣẹ́, kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹnu àáké ti ń gé òwú àkọ̀ náà láti inú wá, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tú aṣọ ògbólógbòó. Ìgbà tí obìnrin náà máa fura, irin ti yọrí nísàlẹ̀, ó sì ti la ṣòkòtò rẹ̀ láti ìdí dé orúnkún. Ọpẹ́ ni pé kò kan ara. Ẹ̀wù òtútù ni ó so mọ́ ìdí títí wọ́n fi ṣíwọ́.

Nígbà tó délé, ṣòkòtò ni ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ gbé, kì í ṣe àkọ̀.

"Ṣòkòtò tí mo fọwọ́ ara mi rán," ló ń wí, ó ń fìka tọ ojú ibi tó ya. "Wo bó ṣe là á."

"Itan mi ńkọ́? Ẹ ò bèèrè itan mi."

"Ṣé ó kan itan ni?"

"Kò kan án."

"Ìyẹn ni mo ṣe ń bèèrè ṣòkòtò."

Láti inú yàrá, màmá ní a-ṣe-bàtà kò tíì tilẹ̀kùn o. Télọ̀ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ó lọ ra awọ gidi, èyí tó nípọn. Máṣíìnì kọ̀ ọ́ jálẹ̀. Abẹ́rẹ́ kán, ó fi òmíràn sí i, ìyẹn náà kán. Ló bá tẹ́ awọ náà sórí tábìlì tó ti ń lọ aṣọ, ó ń fi ìṣó àti òòlù lu ihò sí i, gbogbo ilé ń mì, aṣọ àwọn oníbàárà sì ń ga sí i lórí àga. Nígbà tó rán an tán, ó rẹ ẹ́ sínú omi, nítorí ẹnìkan sọ fún un pé awọ tútù máa ń gba àwòrán ohun tí wọ́n bá kì bọ inú rẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé àáké, ó kì í bọ inú rẹ̀, ó fokùn dì í, ó sì sá a sóòrùn. Nígbà tó gbẹ, ó le bíi pákó.

"Ṣé kò fún jù báyìí?" ni ìyàwó rẹ̀ bèèrè.

"Kí àáké má bọ́ lo ní o ń fẹ́. Kò ní bọ́."

Òótọ́ ni, kò bọ́. Kò sì jáde. Lórí igi, obìnrin náà fa àáké, ìgbànú ló yí. Ó tún fà á, ìgbànú tún yí, títí àkọ̀ fi dé ojú ìdodo rẹ̀.

"Ìyá Aláàáké," ni ọ̀gá pè láti ìsàlẹ̀, "ṣé ijó ni?"

Ó sọ̀kalẹ̀. Ẹnìkan dì í níbàdí mú, ẹnì kejì fa èèkù àáké, nígbà tó sì jáde lójijì, ìdí ni gbogbo wọn fi jókòó sílẹ̀. Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín àfi òun. Ọ̀gá fún un ní ìgbálẹ̀, ó ní kó máa gbá ewé jọ ná. Ewé ló ń gbá títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ, ó ń wo àwọn tí kò mọ igi í gùn tó o bí wọ́n ṣe ń rá pálá lókè.

Kò yà síbì kankan. Ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Olùkọ́ kan jókòó síbẹ̀, ó ń dúró de ṣòkòtò rẹ̀. Obìnrin náà gbé àkọ̀ lé tábìlì, ó rọra gbé e ni.

"Ọ̀rọ̀ yìí ti dá mi lágara," ló wí. Ohùn rẹ̀ kò ga rárá. "Ewé ni mo gbá lónìí. Èmi."

"Ó bá orí àáké mu," ni télọ̀ fèsì. "Mo wọ̀n ọ́n. Mo tún wọn ìbàdí rẹ."

"Níbo lẹ ti wọ̀n ọ́n?"

"Nínú yàrá. Ṣebí o dúró níwájú mi."

"Ṣé ìdúró ni mo máa ń dúró lórí igi?"

Télọ̀ wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. "Ọwọ́ wo lo fi ń yọ àáké?"

"Òsì."

"Ọ̀tún lo fi ń jẹun."

"Ọ̀tún ni mo fi ń di igi mú."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra ló ti ń rán ṣòkòtò iṣẹ́ fún un, kò sì bèèrè rí. Ìyàwó rẹ̀ rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí àkọ̀.

"Ọwọ́ kan?" ni télọ̀ wí.

"Ọwọ́ kan, àti okùn."

"O ò sọ fún mi."

"Ẹ ò bi mí."

Télọ̀ kó aṣọ kúrò lórí tábìlì. "Gun orí ẹ̀. Ṣe bó o ṣe máa ń ṣe gan-an."

Olùkọ́ yára gbé áyọ́ọ̀nù kúrò lọ́nà. Obìnrin náà gun tábìlì, ó ya ẹsẹ̀, ó fi apá ọ̀tún gbá òpó ṣọ́ọ̀bù mọ́ra. Àwọn tó ń kọjá ti ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Tẹ̀ síwájú."

"Mo ti tẹ̀."

"Na ọwọ́ òsì wá síbi àáké, má wo ibẹ̀."

Ọwọ́ rẹ̀ kò lọ sẹ́yìn. Ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ló bà lé, nísàlẹ̀, síwájú díẹ̀. Télọ̀ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀. Ó ní kó tún un ṣe. Ó tún ní kó tún un ṣe.

"Bẹ́ ẹ bá tún ní kí n nawọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, orí yín ni mo máa já lé."

Ẹnìkan lẹ́nu ọ̀nà bèèrè bóyá báyìí ni wọ́n ti wá ń wọn aṣọ. Télọ̀ mú àkọ̀, ó sọdá títì. Láti orí tábìlì, ìyàwó rẹ̀ rí i bó ṣe jókòó sórí àpótí a-ṣe-bàtà, tó tẹríba, tí a-ṣe-bàtà sì ń fìka júwe fún un lọ bẹẹrẹ. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà," ni olùkọ́ wí, "ṣé kí n gbé áyọ́ọ̀nù yìí sílẹ̀?"

Àkọ̀ kẹta kò lẹ́wà. Kò ní aṣọ pupa nínú, kò ní àpò pẹ́ńsù. Ọ̀já awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín etí méjèèjì, kí ẹnu àáké má baà kan òwú, wọ́n sì fi ìda pa òwú náà lára. Ẹnu rẹ̀ dagun síwájú, bọ́tìnì tó dì í lórí kò sì ju ohun tí àtàńpàkò lè ṣí lọ. Obìnrin náà fi í gun igi láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ọkọ rẹ̀ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. "Àkọ̀ ńkọ́?"

"Ó dára."

"Ó dára bíi ti báwo?"

"Àáké wọlé, ó jáde, kò bọ́."

"Ìyẹn nìkan?"

"Kí lẹ tún fẹ́ kí àkọ̀ ṣe?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Igi yẹn," ló wí, "báwo ló ṣe ga tó?"

Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó wá dúró sí òdìkejì títì níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Di ibẹ̀ mú dáadáa," ló pè sókè. "Ẹ̀ka yẹn tín-ín-rín o."

"Ta nìyẹn?" ni ọ̀gá bèèrè.

"Ọkọ mi ni."

"Kí ló ń fẹ́?"

"Ẹ bá mi bi í."

Ọ̀gá lọ bá a. Nígbà tí obìnrin náà máa tún wo ìsàlẹ̀, àwọn méjèèjì ti gbójú sókè, wọ́n jọ ń nàka sí i.

"Ìyá Aláàáké," ni ọ̀gá wí, "ó ní kó o fi ẹsẹ̀ kejì tẹ ìhà ibí yìí. Èmi náà rí i pé ó dáa bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà fọwọ́ òsì yọ àáké, ó gé ẹ̀ka tó wà níwájú rẹ̀, ó dá àáké padà láìwo ibẹ̀, ó sì gòkè lọ síbi tí ewé ti dí, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ti lè rí i mọ́.