Mọ́tò Tó Wọ Bùbá

Má tíì dìde, Ìyá Tóbi, jẹ́ kí n sọ ọ́ kí n tó gbàgbé.

O ṣáà mọ àwa tí a máa ń fi fọ́tò mọ́tò àtijọ́ ránṣẹ́ síra wa lórí fóònù, pé kí ẹni tó bá mọ orúkọ ẹ̀ sọ. Wọ́n fi ọ̀kan ránṣẹ́. Bí mo ṣe ń wò ó, mo bá ara mi nínú fọ́tò náà, mo dúró ti mọ́tò ọ̀hún ní àgbàlá ilé wa. Bùbá ló wọ̀. Mọ́tò o! Bùbá àǹkárá, wọ́n rán an mọ́ ọn lára, bọ́tìnì kún un láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé bọ́ọ̀tù. Mo mọ̀ pé abẹ́ aṣọ lorúkọ ẹ̀ wà, ni mo bá ń tú bọ́tìnì. Bí mo bá ti tú ọ̀kan, méjì á tún yọ.

Bàbá mi tó ti kú ló jókòó sídìí sítíárìn. Wọn ò wojú mi. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá mọ orúkọ ẹ̀ nìkan ni mo máa gbé."

Mo ní, "Ẹ dúró, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ó kù díẹ̀."

"Mọ́tò tí mo fi ń gbé ẹ lọ sílé ìwé?"

Ni wọ́n bá wa mọ́tò lọ. Mo ń sáré tẹ̀ lé wọn, bọ́tìnì kún ọwọ́ mi, àgbàlá náà ò tán. Atẹ́gùn ká aṣọ ẹ̀yìn sókè, mo sì rí orúkọ náà kedere. Mo lanu kí n pè é kí Bàbá gbọ́.

Àfi bí o ṣe gbá mi léjìká, pé kí n yé pariwo.