Ẹja Mẹ́tàlá

Mẹ́tàlá. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ẹja mẹ́tàlá. Níbo ni Tíṣà Lorraine ti rí wọn? A jọ dúró sórí ilé ìṣọ́ kan náà ni, èjìká mi ń kan tiẹ̀, odò kan náà là ń wò, pátákó funfun kan náà la tẹ́ sí ìsàlẹ̀ omi kí ẹja tó bá gba orí ẹ̀ kọjá lè hàn. Èmi ka méjìléláàádọ́ta. Òun ka márùndínláàádọ́rin. Ó kàn yí ojú ẹ̀rọ ìkà ọwọ́ ẹ̀ sí mi, bí ìgbà tó ń fi máàkì han ọmọ kíláàsì... kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ǹ bá fún un lésì.

Aago méjì ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Aago mẹ́ta la tún máa jọ gun òkè. Mo jókòó sẹ́nu àgọ́, tíì mi ti tutù, ẹ̀fọn méjì ti kú sínú ẹ̀, ìkẹta ń wá ọ̀nà àtikú. Tíṣà wà létí omi, ó ń fọ ìkòkò, ó ń kùn yùnmù-yùnmù bí ẹni tí ayé ò ṣe nǹkan kan fún. Ogún ọdún ló fi kọ́ ọmọ abúlé wa níwèé. Ó fẹ̀yìn tì, kò lọ sílé. Lásìkò òtútù tó kọjá ni dókítà gé ohun tó bo ẹyinjú ẹ̀ méjèèjì kúrò. Ojú tí wọ́n gé, ojú tí wọ́n lẹ̀, òun ló wá ń rí mẹ́tàlá tí èmi tí wọ́n bí sétí omi yìí ò rí.

Delbert ló fà á. Ọ̀gá wa, ó wà nílùú, ó jókòó ti rédíò níbi tí ẹ̀fọn ò dé. Láàárọ̀ yìí ló ní, "Dora, iye ìwọ àti Tíṣà ò bára mu mọ́. Ẹ jọ kà á ní aago méjì, kí ẹ tún jọ kà á ní aago mẹ́ta, kí n mọ ẹni tí mo máa gbà gbọ́." Ẹni tó máa gbà gbọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti ń ka ẹja fún wọn.

Wọ́n á ní kí ni mẹ́tàlá. Mẹ́tàlá kì í ṣe mẹ́tàlá níhìn-ín. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá la fi ń kà nínú wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọ́fíìsì á wá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́fà. Mẹ́tàlá di méjìdínlọ́gọ́rin. Wákàtí méjìlá ni ìpín tèmi lójúmọ́, méjìlá ni tiẹ̀. Ẹni tó bá ṣì í kà, òun àti gbogbo kọ̀rọ̀ òkun yìí ló jọ ṣì í.

Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò lọ́sàn-án yìí. Ohùn Delbert, ó ń kà á bí ẹni ń ka orúkọ òkú. Ẹja pupa tó gòkè odò lọ yé ẹyin títí di àárọ̀ yìí ò tíì tó iye tí òfin ní kó kọjá ká tó lè pa á tà. Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Títí yóò fi pé, kí àwọ̀n títà máa gbẹ létíkun. Ti jíjẹ kò síṣòro, kálukú ti rí ti ilé èéfín ẹ̀ mú. Ti títà ni wọ́n tì. Bí ohunkóhun bá yí padà kí aago mẹ́rin tó lù, wọn á ṣí i fún ìkún omi ìrọ̀lẹ́ òní. Bí kò bá yí padà, ó di ọ̀la.

Ọ̀la. Ìjì ń bọ̀ lọ́la. Ọmọdé abúlé yìí ló mọ̀ pé bí afẹ́fẹ́ ìwọ̀ oòrùn bá bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni, kò sẹ́ni tó máa na àwọ̀n sínú ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ẹja tí ń gorí ara wọn kọjá báyìí á ti lọ. Ìyókù, àwọn apẹ́lẹ́yìn.

Ó sì ti sọ ọ́, Evon, ẹ̀gbọ́n mi. Kò pariwo. Ó ń tún ojú àwọ̀n dì ni, ó gbé abẹ́rẹ́ sẹ́nu, ó ní bí ọdún yìí bá tún rí bí èṣí, òun á ta ìwé àṣẹ ẹja pípa Bàbá. Òun á kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú ńlá, sí Anchorage, òun á máa wa ọkọ̀ akólẹ̀. Ìwé tó bá kúrò lábúlé wa kì í padà. Mẹ́rìndínlógún la ní nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo kọ orúkọ gbogbo wọn sílẹ̀. Márùn-ún ló kù. Ibi tí Bàbá na àwọ̀n sí láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ Màámi, àjèjì kan á wá fi bàálù já síbẹ̀ lóṣù kẹfà, á sì fò lọ lóṣù keje.

Evon náà ló tún pè lórí rédíò lẹ́yìn ìkéde, tí gbogbo etíkun ń gbọ́. "Dora, ṣé ẹja lẹ ń kà lókè yẹn àbí ìràwọ̀? Bí ẹ bá ń sùn, ẹ sọ, kí n wá jí yín." Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n ṣiṣẹ́. Ó ní, "Ṣe é nígbà náà." Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín Nadia nínú wọn, obìnrin tó ni ibi àwọ̀n tó tẹ̀ lé tiwa. Ẹ̀rín ẹ̀ ò farasin.

Kí wọ́n fẹ́ kí n ṣe? Kí n fi ìka bọ omi kí n da ẹja sókè? Gbogbo wọn. Delbert ń béèrè ẹni tó máa gbà gbọ́, Evon ń béèrè bóyá mò ń sùn, Tíṣà ń kùn. Tíṣà ló ń kà lé, kò sí nǹkan míì. Ojú tuntun ló ń pa á. Òjìji ewé, ó tẹ ẹ̀rọ ìkà. Ìgbì kékeré, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹja kan lọ sókè, ó tẹ̀ ẹ́, ẹja náà bá omi padà sísàlẹ̀, kò yọ ọ́ kúrò... Màá fi hàn án. Màá fi hàn án lórí ìwé, kó tó di aago mẹ́ta.

Ìwé mi dà? Abẹ́ ìrọ̀rí.

Màámi ló kọ́ mi. Kàlẹ́ńdà ìsọ̀ ni tiẹ̀, inú àpótí kéékèèké ibi tí ọjọ́ wà ló ń kọ ọ́ sí. Afẹ́fẹ́ ibi báyìí. Ẹja àkọ́kọ́. Ta ló wá, ta ló kú, ta la fún. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú àpótí lábẹ́ ibùsùn mi. Tèmi, ìwé aláwọ̀ ewé ni. Ọ́fíìsì ní fọ́ọ̀mù tiwọn, mi ò jiyàn, àmọ́ fọ́ọ̀mù ò ní àyè fún afẹ́fẹ́. Gbogbo ìgbà tí a bá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wa ni mo máa ń kọ iye tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ, àti iye àkọ́kọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀.

Ó dáa. Ọjọ́ ogún oṣù kẹfà. Mo fi ogójì sílẹ̀, ó bá mọ́kànlélógójì. Ọjọ́ kẹrìnlélógún. Ó fi méjìdínlógójì sílẹ̀, mo bá méjìdínlógójì. Ó dọ́gba. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, ó dọ́gba. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, láàárọ̀, ó dọ́gba. Ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n... mo fi mẹ́rìnlélógójì sílẹ̀, ó bá márùndínlọ́gọ́ta. Ṣé mo wí. Ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì, ó fi mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sílẹ̀, mo bá márùndínláàádọ́ta. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀, bẹ́ẹ̀. Lójoojúmọ́, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, ẹja á pọ̀ sí i. Bí mo bá gòkè, ẹja á dín kù. Ṣé ẹja mọ ẹni tó wà lókè ni?

Kí ló dé bá Tíṣà lọ́jọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n? Kó jẹ́ pé ojú ló ń dùn ún. Kó jẹ́ pé—

Kò sí nǹkan tó ṣe é lọ́jọ́ náà. Ó wà níhìn-ín, ó sùn. Èmi ni mo lọ sábúlé.

Mo kọ ọ́ síbí. *Afẹ́fẹ́ gúúsù, díẹ̀. Mo lọ ra ìyẹ̀fun àti bisikíìtì líle. Nadia sọ̀rọ̀.* Mi ò kọ ohun tó sọ. Èmi tí mò ń kọ iye ṣẹ́ẹ̀tì tí ọmọ Evon sọ nù. Mi ò kọ ọ́.

Mo rántí ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì ló dúró sí nínú ìsọ̀, ó ń bá ìyá olówò sọ̀rọ̀, ó gbé e sókè kí n lè gbọ́. "Ẹni tí àbúrò ẹ̀ jókòó lórí ilé ìṣọ́, kí ló máa já a láyà? Àwọ̀n Evon ò ní gbẹ lọ́dún tiwa yìí." Ó ní àwàdà lòun ń ṣe. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo san owó ìyẹ̀fun, mo gbàgbé bisikíìtì sórí tábìlì, mo ní láti padà wá mú un. Mo ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, mò ń sọ ọ́ sínú pé kò sẹ́ni tó máa fẹnu bà mí. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé mo tẹ ẹja kan fún Evon tí kò sí nínú omi.

Mo pa ẹ̀jẹ́ náà mọ́, àbí n kò pa á mọ́? Mi ò tẹ ọ̀kan tí kò sí.

...Àwọn tó wà ńkọ́?

Dúró ná. Àtàǹpàkò mi. Bí omi bá mọ́, tí ẹja bọ́ sáàárín pátákó, mo tẹ̀ ẹ́. Bí méjì bá lẹ̀ mọ́ra bí ọ̀kan, mo tẹ ọ̀kan. Bí ó bá gba etí pátákó, ibi tí àwọ̀ omi ti ṣókùnkùn, tó jẹ́ pé ìrù nìkan ni mo rí, àtàǹpàkò mi á gbéra... á dúró lókè. Á máa dúró de kí ó dá mi lójú. Ẹja ò dúró de ẹnì kan. Mo mọ̀. Mo mọ bó ṣe ń rí lára, bí ìgbà téèyàn fẹ́ mú nǹkan nínú àwo tó wá rántí pé àlejò wà nílé.

Bí wọ́n ṣe ń pín ẹja àkọ́kọ́ nílé wa ni. Màámi á mú ọ̀bẹ aláàbọ̀-òṣùpá, á gé e lórí pátákó, orí fún àwọn àgbà, ikùn fún aláìsàn, àárín fún ilé tí kò lọ́kùnrin. Ẹni tó ń pín kì í yan fúnra ẹ̀. Ìrù ló máa ń mú. Mo sunkún lọ́dún kan nítorí ikùn, ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Màámi ní, "Ẹni tí ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ìrù ni tiẹ̀. Bí o bá fẹ́ ikùn, jẹ́ kí ẹlòmíì pín in." Gbogbo abúlé ló mọ̀ pé ilé wa kì í jìyà ẹ̀sùn.

Mo gbé ọ̀bẹ lọ sórí ilé ìṣọ́. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko, mo ń pín.

Ta ló ní kí n pín? Wọ́n ní kí n kà. Ẹja tí Màámi pín ti kú, ó ti wà lórí pátákó, ohun tí kò mú, ẹlòmíì mú un. Èyí tí èmi ò mú, ta ló mú un? Kò sẹ́ni tó mú un. Ó kàn gòkè odò lọ, bí ẹni tí kò wá. Ìrù tí mo mú, mo mú un fún Evon, mo mú un fún Nadia náà, fún gbogbo àwọn márààrún, àwọ̀n gbogbo wọn ló gbẹ láti fi hàn pé ọwọ́ mi mọ́. Nadia tó ń rẹ́rìn-ín, àwọ̀n tiẹ̀ náà wà lórí yanrìn.

Mẹ́tàlá lọ́nà mẹ́fà. Lọ́nà méjìlá. Ó dín díẹ̀ ní ẹgbẹ̀rún. Ọjọ́ mẹ́fà. Jẹ́ kí n kọ ọ́... ó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Kì í ṣe ojoojúmọ́ ló tó mẹ́tàlá, ká yọ ti mọ́kànlá, ká yọ ti méjìlá. Bí mo ṣe yọ ọ́ tó, kò wá sábẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin.

Ó ku ẹgbẹ̀rún mẹ́rin, ni Delbert wí. Kò ku nǹkan kan. Wọ́n ti kọjá. Wọ́n ti gba abẹ́ ẹsẹ̀ mi kọjá, lójú mi, mo sì fi gíláàsì dúdú tí a fi ń rí ìsàlẹ̀ omi wò wọ́n lọ.

Tíṣà mọ̀. Kò lè má mọ̀. Ìdí tí kò fi sọ̀rọ̀ nìyẹn... ó ń dúró kí ọmọ kíláàsì rí i fúnra ẹ̀. Ìyẹn tún bí mi nínú. Kí ni màá sọ fún Delbert? Pé mo ka ẹja kù nítorí àwàdà ẹ̀gbẹ́ búrẹ́dì? Gbogbo etíkun ló máa gbọ́, ìlà kan náà la jọ ń lò. Bí mo bá sọ ọ́, Nadia á ní ṣé mo wí, ó ti rí iye tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń fẹ́. Ọ́fíìsì lè ní kí n máa lọ. Bí mi ò bá sọ ọ́, ọwọ́ mi mọ́. Ọwọ́ mi mọ́ tónítóní, Evon á sì máa kólẹ̀ ní Anchorage.

Tíṣà ń pè mí. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ti dúró sídìí àkàbà, ó nu ọwọ́ mọ́ ẹ̀wù, kò kùn mọ́. Mo ń gòkè tẹ̀ lé e, mo ki ìwé aláwọ̀ ewé bọ àpò àyà. N kì í gbé e gòkè tẹ́lẹ̀. Ojúewé tó ṣí nìyẹn, mo ti ká etí ẹ̀. Màá nà án sí i nígbà tí a bá kà tán, kó tó gbé rédíò. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ. Bóyá mi ò ní sọ nǹkan kan, màá ṣe bíi tiẹ̀.

Aago mẹ́ta. Omi ń ṣàn bó ṣe ń ṣàn. Ọ̀kan. Ọ̀kan. Méjì lẹ̀ mọ́ra... méjì. Lọ́dún àkọ́kọ́ mi, ọjọ́ tí mo bi Tíṣà léèrè ohun téèyàn ń ṣe bí kò bá dá a lójú, kò gbójú kúrò lára omi. Ó ní, "Dora, ohun tó jọ ẹja, tó ń lọ sókè bí ẹja, ẹja ni."

Létí pátákó, níbi tó ṣókùnkùn, ìrù kan.

Mo tẹ̀ ẹ́.